Afurasí, olùjẹ́jọ́, ọ̀daràn: orúkọ wo la ń pè é?

"Ọwọ́ pálábá ọmọ Yahoo ségi." Irú àkọlé báyìí wọ́pọ̀ nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò wa, bẹ́ẹ̀ ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fóònù ọ̀gbẹ́ni náà ni, wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Àkànlò èdè náà dùn létí, ibi tí a lò ó sí ni kò tọ́. Ẹni tí àṣírí ìwà ibi rẹ̀ ti tú ni ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ọwọ́ ọlọ́pàá ló tẹ̀ ẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, afurasí ni. Bó bá dúró níwájú adájọ́, olùjẹ́jọ́ ni. Ìgbà tí adájọ́ bá dá a lẹ́bi ló tó di ọ̀daràn, nítorí ẹni tó dá ọ̀ràn là ń pè bẹ́ẹ̀. Abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ kedere: aláìjẹ̀bi ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, títí ẹ̀bi rẹ̀ yóò fi fìdí múlẹ̀. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí.

A tún máa ń sọ pé, "Fóònù rẹ̀ ti jẹ́rìí ta kò ó." Ẹ̀rí ni ohun tó wà nínú fóònù. Ẹlẹ́rìí ni ènìyàn tó lè búra, tí agbẹjọ́rò sì lè da ìbéèrè bò. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 mọ ìyàtọ̀ yìí. Abala 84 rẹ̀ fẹ́ kó hàn pé kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ ti jáde ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà ni yóò fẹnu sọ ọ́, tàbí kó bu ọwọ́ lùwé lé e lórí. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, lórí ìbò gómìnà Bayelsa ti ọdún 2012, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kọ àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé wọn ò tẹ̀lé abala yìí.

Iṣẹ́ ńlá ló wà níbẹ̀ fún agbófinró. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù afurasí kiri láìmọṣẹ́ lè yí ohun inú rẹ̀ padà. Bí fóònù náà bá ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíì lè ti òkèèrè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń ṣe ẹ̀dà ohun inú rẹ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó gbà á sọ́wọ́. Bí orúkọ kan bá fò, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò béèrè ẹni tó fi ohun tó wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníròyìn wa, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ọlọ́pàá mú afurasí kan, wọ́n sì ti gba fóònù rẹ̀ fún àyẹ̀wò." Bí ilé-ẹjọ́ bá dá a sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìròyìn ìyẹn náà hàn gbangba bíi ti ọjọ́ tí wọ́n mú un. Ẹni tí adájọ́ ti dá láre kò yẹ lẹ́ni tí àdúgbò ń pè lọ́daràn.