Àtọ̀gbẹ àti Àrùn Ọkàn: Ẹ̀kọ́ Láti Ìlú Framingham

Bí a bá gbọ́ pé àtọ̀gbẹ ń ṣe ẹnì kan, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ rò ni ṣúgà: ṣúgà inú tíì, ṣúgà inú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, àti ìtọ̀ tí èèrà ń bò. Ó ṣọ̀wọ́n kí a ronú kan ọkàn tí ń lù nínú àyà ẹni náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ọ̀nà ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni àtọ̀gbẹ ń gbà pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ó ń pa. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óo wo bí a ṣe mọ̀ pé àrùn méjèèjì so pọ̀, àti ìdí tí ó fi yẹ kí ẹni tí yóò ṣe olùkọ́ mọ̀ ọ́n, orílẹ̀-èdè yòówù kí ó ti wá.

Kí ni àtọ̀gbẹ?

Oúnjẹ wa, ìbáà ṣe ẹ̀bà, iyán, ẹ̀kọ, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì, ara ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e káàkiri. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ tí ń ṣe ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní insulin. Insulin ni ó dàbí kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí ilẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kí ó wọ inú ẹran ara, kí ó sì di agbára. Bí kò bá sí insulin, bí ó ti rí nínú irú àtọ̀gbẹ tí ó sábà ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe, tàbí bí ó bá wà ṣùgbọ́n tí ara kò gbọ́ tirẹ̀ dáadáa mọ́, bí ó ti rí nínú irú tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbà, ṣúgà yóò kún inú ẹ̀jẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, ọmọ tí irú ti àkọ́kọ́ bá mú kì í pẹ́ kú. Ní 1921, Frederick Banting àti Charles Best bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó mú insulin jáde, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922, a fi í gún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan ní abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì yá. Ayé yọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn alátọ̀gbẹ ti wá ń pẹ́ láyé, àwọn oníṣègùn kíyè sí ohun mìíràn: ikú tí a lé gba ẹnu ọ̀nà jáde tún ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ọkàn ni fèrèsé náà.

Ìlú tí a kà bí ìwé

Ǹjẹ́ àtọ̀gbẹ ní ọwọ́ nínú àrùn ọkàn ní tòótọ́, tàbí àwọn méjèèjì kàn pàdé lára àgbàlagbà ni? Ilé ìwòsàn nìkan kò lè dáhùn ìbéèrè yìí, nítorí àwọn tí ó ti ṣàìsàn ni ó ń rí. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ń fa jàǹbá lójú ọ̀nà kò gbọdọ̀ ka kìkì ọkọ̀ tí ó ti dojú dé; ó níláti ka gbogbo ọkọ̀ tí ó gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tí a ṣe ní Framingham nìyẹn, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, tí kò jìnnà sí Boston. Láti 1948 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ 5,209 ọkùnrin àti obìnrin ìlú náà sílẹ̀. Ní ọdún méjì-méjì ni a ń yẹ̀ wọ́n wò: a ń wọn ìfúnpá wọn, a ń wo ọ̀rá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, a ń bi wọ́n bí wọ́n bá ń mu sìgá. Lẹ́yìn náà, a ń dúró wo ẹni tí àrùn ọkàn yóò mú àti ẹni tí kò ní í mú. Sùúrù ni olórí irinṣẹ́ wọn.

Ní 1979, William Kannel àti Daniel McGee tẹ ohun tí a rí láàárín 20 ọdún jáde. Àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ń mú àwọn alátọ̀gbẹ ní ìlọ́po 2 sí 3 ju àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ lọ. Bí a tilẹ̀ yọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ọ̀rá àti ti sìgá kúrò nínú ìṣirò, àtọ̀gbẹ ṣì ní ẹrù tí òun nìkan dá rù. Ti àwọn obìnrin tilẹ̀ yani lẹ́nu jù. Lọ́jọ́ gbogbo, àrùn ọkàn kì í tètè mú obìnrin bí ó ti ń mú ọkùnrin. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ ń gba púpọ̀ nínú àǹfààní yìí lọ́wọ́ obìnrin.

Ẹnì kan lè wí pé, “Òyìnbó ni àwọn ará Framingham, kí ni ó kàn wá?” Ìbéèrè tí ó dára ni. Láàárín 2000 sí 2004, a kọ orúkọ 5,306 ènìyàn dúdú sílẹ̀ ní Jackson, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, fún irú iṣẹ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé láti etí òkun Áfíríkà ni a ti kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú. Níbẹ̀ pẹ̀lú, a rí i pé àtọ̀gbẹ wọ́pọ̀, àti pé òun àti àrùn ọkàn jọ ń rìn ni. Àwọ̀ ara kò dí i lọ́nà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ gan-an ni ibi náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ara iṣan bá le, inú rẹ̀ a máa dán, ẹ̀jẹ̀ a sì máa ṣàn láìní ìdíwọ́. Ṣúgà tí ó pọ̀ jù, tí ó sì pẹ́ níbẹ̀, ń ba ìdán náà jẹ́. Ọ̀rá a wá máa wọ inú ògiri iṣan, ọ̀nà a máa há, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dì níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí yóò sì dí i pa. Bí ó bá jẹ́ iṣan tí ń bọ́ ọkàn ni, apá kan ọkàn yóò kú. Bí ó bá jẹ́ ti ọpọlọ ni, rọpárọsẹ̀ dé.

Ohun kan tún wà tí ó burú. Àtọ̀gbẹ a máa ba àwọn iṣan tí ń mú ìrora mọ̀ jẹ́. Nítorí náà, ọkàn alátọ̀gbẹ lè wà nínú ewu kí àyà má sì dùn ún. Àárẹ̀ òjijì, òógùn tútù tàbí èémí tí kò délẹ̀ lè jẹ́ gbogbo àmì tí yóò rí. Kí ó má ṣe fi ojú kékeré wò ó. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ kíákíá.

Kí ni ṣíṣe?

Ní orílẹ̀-èdè Bìrìtéènì, láti 1977, a tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ 5,102 fún ọdún pípẹ́, a sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998. Nínú wọn ni a ti yan 1,148 tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú. Láàárín àwọn tí a kápá ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dáadáa, rọpárọsẹ̀ fi ìdá 44 nínú 100 dín sí ti àwọn yòókù. Ikú tí ó ti ọwọ́ àtọ̀gbẹ wá sì fi ìdá 32 nínú 100 dín.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ṣúgà nìkan kọ́ ni a ń ṣọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ni ó ń lọ yẹ ṣúgà wò déédéé, tí wọ́n sì ń padà wálé pẹ̀lú ayọ̀ pé ó ti wálẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wọn ìfúnpá wọn, tí a kò sì wo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn kan nínú mẹ́ta kò tí ì ti ilé. Kí alátọ̀gbẹ béèrè fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó jáwọ́ nínú sìgá, kí ó máa rìn dáadáa lójoojúmọ́, kí ó dín iyọ̀ àti oúnjẹ ọlọ́ràá kù, kí ó má sì ṣe fi oògùn dókítà sílẹ̀ nítorí pé ara fúyẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àìsàn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, olùkọ́ ni a máa ń kó ìwé ilé ìwòsàn tọ̀ lọ pé kí ó bá wa kà á. Bí ọjọ́ náà bá dé, ẹ má ṣe ka ti ṣúgà nìkan. Ẹ béèrè èyí tí ó kù.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí tí ilé ìwòsàn nìkan kò fi lè fi hàn pé àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn so pọ̀?
2. Kí ni iṣẹ́ ti Jackson fi kún ẹ̀kọ́ ti Framingham?
3. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ó yẹ kí alátọ̀gbẹ máa yẹ̀ wò, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.