Bí Wọ́n Bá Bi Ọmọ Pé, "Irun Rẹ Dà?"

Irun ọmọdé tó ń re ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lóṣù yìí, àti ohun tó ń ṣe sí ọkàn ọmọ.

Òògùn ni àwọn ìyá tó ń mú ọmọ wá bá wa ní mọ́ṣáláṣí, láti Ìjọ́rà Olóyè títí dé Bàdíà, máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ọmọ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á fi ọwọ́ bo ibi tó pá, á máa wo ilẹ̀. Òògùn tiẹ̀ wà fún orí. Ojú tó ń ti ọmọ ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó fà á, kí ẹ lè rí òótọ́ sọ fún un. Làpálàpá orí ló wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé. Kóòmù, fìlà àti ẹ̀rọ ìgẹrun ló sábà máa ń gbé e kiri. Ìpara nìkan kò ká a, nítorí ó ti wọ gbòǹgbò irun. Òògùn ẹnu bíi griseofulvin ni dókítà máa ń fún ọmọ, ní ìwọ̀n ara rẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kẹrosíìnì pa orí ọmọ. Ó ń jó awọ ni.) Irun dídì tó le jù náà ń fa irun tu níwájú orí. Èyí tó ń pá roboto, tí ibẹ̀ á máa dán, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń bá gbòǹgbò irun jà. Kì í ràn rárá. Irun ọmọ tó ń gba òògùn jẹjẹrẹ náà máa ń re, ó sì sábà máa ń hù padà lẹ́yìn ìtọ́jú.

Ọmọ ọdún 4 tàbí 5 lè rò pé torí òun purọ́ ni irun òun ṣe ń re. Ẹ sọ fún un kedere pé kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ìdáhùn kúkúrú: "Àìsàn ló mú un re, wọ́n ń tọ́jú mi." Ẹ jọ máa tún un sọ nílé, bí ẹ ti ń tún Fátíhà sọ fún un, títí yóò fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ má ṣèlérí pé á ti hù kí Iléyá tó dé. Bí kò bá hù, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Ẹni tó bá ní ọmọdé kò mọ nǹkan kan, kí ó rántí hádíìsì adẹ́tẹ̀, apárí àti afọ́jú, tó wà nínú Bukhari àti Muslim. Yàtọ̀ sí irun tó dára, ohun tí apárí náà bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ohun tí àwọn ènìyàn fi ń kórìíra òun kúrò. Bí ó bá dun àgbàlagbà, mélòómélòó ọmọdé! Suratul-Hujuraat, aaya 11, sì kọ ìfiniṣẹ̀sín àti orúkọ ìnagijẹ burúkú. Inú ilé gan-an ni "Apárí" ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́nu ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá tó ń ṣe àwàdà. Ẹ dá a dúró níbẹ̀.

Obìnrin Ansaar kan bèèrè bóyá òun lè so irun mọ́ orí ọmọbìnrin òun tí àìsàn mú irun rẹ̀ re. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò gbà fún un. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ yan àwọ̀ híjáàbù tó wù ú, kó sì máa ṣí i nílé láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tẹjú mọ́ ọn. Ti ọmọkùnrin, ẹ gẹ gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, nítorí Ànọ́bì kọ̀ kí a fá apá kan kí a fi apá kan sílẹ̀. Ibi tó pá náà kò sì ní hàn tó bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bá jókòó kí wọ́n gẹ tirẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn ti ṣe ohun ńlá.

Kí ọmọ tó padà sí kíláàsì, ẹ lọ rí olùkọ́ àti áfáà ilé-kéú. Ẹ ṣàlàyé àìsàn náà fún wọn. Bó bá jẹ́ làpálàpá, kí àwọn ọmọ má pààrọ̀ fìlà.

Bí ọmọ bá kọ ilé-ìwé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn lẹ́yìn tó ti jáwọ́, tàbí tí kò bá ẹgbẹ́ ṣeré mọ́, ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà, yálà ní Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Àpápá tàbí ti Àjẹ́rọ̀mí. Kí ọmọ wà níjòókòó, kí ẹ sì jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún.