Ẹ Má Fi Okùn So Ọ̀rẹ́ Yín Mọ́ Ọkọ̀

Bí ẹ bá ń múra láti mú ọ̀rẹ́ yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lọ pẹja lórí ọ̀sà Badagry, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi okùn, ìgbànú tàbí ọ̀já kankan so ó mọ́ ọkọ̀ tàbí mọ́ àga. Mo mọ ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn máa ṣe é. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ ẹni náà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kó má lọ yẹ̀ ṣubú sómi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá dojú dé kì í dúró kí ẹnikẹ́ni tú kókó okùn. Ẹni tí wọn kò so, láìfù-jákẹ́ẹ̀tì á gbé e jáde. Ẹni tí wọ́n so, abẹ́ ọkọ̀ ni yóò wà, àwọn tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì máa pariwo orúkọ rẹ̀ lókè omi.

Kò sí èyí tó ní kí ẹ fi í sílẹ̀ nílé nínú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí. Etí omi ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ègùn àti ọmọ Àwórì agbègbè Badagry dàgbà sí, àwọn tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò àrùn náà gan-an ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, àmọ́ àwọn tó ti mú kó tó dìgbà náà ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le, tó mọ ìwọ̀ jù, tó mọ ìgbà tí epìyà ń tọ́ ìjẹ wò àti ìgbà tó ti gbé e mì, kí ni a fẹ́ kó máa ṣe ní èbúté? Kó máa ṣọ́ bàtà wa? Òfin pàápàá ti sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ọdún 2011 ni Gómìnà Fáṣọlá buwọ́ lu òfin àwọn akàndá ẹ̀dá ní Èkó, èyí tó bí LASODA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó bá yín lọ. Ohun tó kù ni bí ẹ ó ṣe jọ padà dé.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ kíyè sí i pé arọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé ọgbọ́n náà fún, wọn kò gbé e fún àwọn tí yóò gbé e sáré. Nítorí náà, ẹ jókòó tì í ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kó sọ ohun tí ara rẹ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ẹ bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n wẹ̀, bóyá apá méjèèjì lágbára, bóyá ó máa ń mọ nǹkan lára ní ẹsẹ̀. Bó bá ní omi ọjọ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Omi méjì ló wà ní Badagry. Èyí tó wà láàárín ìlú àti erékùṣù Gberefu ni ọ̀sà, tó gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin wá, tó sì ń bá etí òkun lọ títí dé ọ̀nà Èkó. Ẹ̀yìn Gberefu ni òkun ńlá wà. Ẹ má gbé e lọ sí òkun. Níbẹ̀, ìgbì máa ń fọ́ mọ́ iyanrìn, àwọn apẹja á máa ti ọkọ̀ wọnú ìgbì, wọn á sì fò wọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ. Ẹni tí kò lè fò kò ní ibi tó lè dì mú ní ìṣẹ́jú yẹn, bí ìgbì bá sì dá ọkọ̀ padà, orí rẹ̀ ló lè dé sí. Ọ̀sà ni kẹ́ ẹ wà, ní ẹ̀bá, kì í ṣe ní ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ elérò. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà Agbálátà, ẹ fi í sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn, torí ìgbì ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ ọlọ́jà kò mọ̀ pé ẹ̀yin ń pẹja.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló dára jù. Bí oòrùn bá ti ń kan àtàrí, afẹ́fẹ́ òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í le, omi á sì máa ru. Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ọ̀nà ìlà oòrùn ni ìjì òjò sábà máa ń gbà yọ. Bí ojú ọ̀run bá ṣú dùdù lọ́hùn-ún, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ lójijì, ẹ má sọ pé ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ ni. Ẹ ká ìwọ̀, ẹ forí lé èbúté. Ẹ tún ṣọ́ water hyacinth, koríko tó ń léfòó tó jẹ́ pé orí omi Badagry yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà lọ́dún 1984. Bó bá lọ́ mọ́ irin tó ń yí nídìí ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ á dúró gbári láàárín omi, torí náà kí àjẹ̀ méjì wà nínú ọkọ̀ bí ẹ bá tilẹ̀ ní ẹ́ńjìnì. LASWA, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìrìn ojú omi, tí ìjọba Èkó fi òfin 2008 gbé kalẹ̀, ti ka ìrìn òru lórí omi léèwọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ti padà délé.

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò jinlẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú omi ni wọ́n ṣe èyí tó wọ́pọ̀ fún. Ẹsẹ̀ tí àìsàn ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán fúyẹ́, ó lè léfòó, kó sì da ojú ẹni náà bolẹ̀ nínú omi láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ lọ́rùn yẹn. Ẹ dán an wò ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ wá ibi tí omi ti tòrò tó sì mọ ní ìbàdí, kí ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dúró sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ẹ di gbogbo ìdè rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kẹ́ ẹ sì rọra fi í sílẹ̀. Ṣé ẹnu àti imú rẹ̀ ga kúrò lómi? Lẹ́yìn náà, bó bá gbà, kó da ojú bolẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó lè fi apá yí ara rẹ̀ padà. Ẹni tí kò lè yí padà nílò èyí tí fóòmù pọ̀ níwájú tó sì ní ìrọ̀rí lẹ́yìn ọrùn. Kí ìdè gba àárín itan kọjá, kó má baà sún gòkè bo ojú. Ẹ so fèrè mọ́ àyà rẹ̀. Èyí tí fóòmù rẹ̀ ti pẹlẹbẹ, tàbí tí ìdè rẹ̀ ti já, kì í ṣe láìfù-jákẹ́ẹ̀tì mọ́, aṣọ lásán ni. Orí ilẹ̀ ni kó ti wọ̀ ọ́, ẹ̀yin náà pẹ̀lú.

Irin ẹsẹ̀ àti bàtà tó wúwo gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀, torí wọ́n máa ń fa èèyàn lọ sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà, ẹ bọ́ ọ: òmíràn ní ihò nínú tó ń gba afẹ́fẹ́, ó lè gbé ẹsẹ̀ sókè kó sì ti orí bọ inú omi.

Kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara tó ń lò, bó bá ní in, èbúté ni kó wà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kan tó ń jẹ́ Wheelyboat Trust ń pèsè ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ dé ilẹ̀, tí wọ́n á yí kẹ̀kẹ́ gun, tí aláàbọ̀ ara á sì jókòó sórí rẹ̀ pẹja. Ohun rere ni, ó sì wù mí kírú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiwọn fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ọkọ̀ onígi tiwa tín-ín-rín. Ẹni tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ nínú rẹ̀ ti gbé ìwúwo ara rẹ̀ sókè, ìgbì kékeré kan sì tó láti yí i. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ní àárín, lórí fóòmù, ni ibi ìjókòó rẹ̀. Ẹ kan pákó ìfẹ̀yìntì mọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ ni ẹ ó so pákó mọ́, kì í ṣe òun.

Ẹ so ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn kí ó tó wọlé. Ẹnì kan á wà nínú ọkọ̀, ẹnì kan á dúró nínú omi, á di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ bi í: “Ẹ̀gbọ́n, ibo ni ká ti gbé yín?” Òun ló mọ èjìká tó máa ń yẹ̀, òun ló mọ ẹsẹ̀ tó ń le gan-gan bí wọ́n bá fà á. Òmíràn á ní kẹ́ ẹ sáà mú ọkọ̀ dúró, òun á fi ọwọ́ gbé ara òun wọlé. Ẹ jẹ́ kó ṣe é, kódà bó bá pẹ́. Bó bá ní kí wọ́n gbé òun, ohùn tirẹ̀ ni kí wọ́n tẹ̀ lé, kó ka ẹní, èjì, ẹ̀ta. Níbi tí kò sí jẹ́tì, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pọn èrò sẹ́yìn wọnú omi, ẹni tí apá rẹ̀ kò lè di ọrùn mú kò gbọdọ̀ gun ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni.

Ẹni mẹ́ta ló kéré jù nínú ọkọ̀: òun, ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí kò ní ju ìwọ̀ rárá, àti ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wà pẹ̀lú rẹ̀ bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Kó má fi okùn ìwọ̀ yí ọrùn ọwọ́. Bó bá jẹ́ ọwọ́ kan ló ní, ẹ de páìpù kúkurú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kó lè máa ki ìdí ọ̀pá ìwọ̀ bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára kò mọ̀ bí ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún bá gún un, kò sì mọ̀ bí ẹ́ńjìnì gbígbóná bá jó o. Ṣòkòtò gígùn ni kó wọ̀.

Àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn bà jẹ́ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í làágùn láti ibi ọgbẹ́ náà lọ sísàlẹ̀, ooru sì lè dá wọn dùbúlẹ̀ kíákíá. Ẹ mú agbòòrùn, aṣọ tútù àti omi mímu dání. Ó lè má fẹ́ mu omi nítorí ìtọ̀. Ẹ ti bá a ṣètò ìgò olómorí fún un, kó má sí ìtìjú kankan. Bí orí bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ gidigidi tí òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó ṣánṣán, bó bá ń lo rọ́bà tó ń fa ìtọ̀, ẹ wò ó bóyá ó ká kò, ẹ sì yára darí sí èbúté. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ga lójijì lè pa á.

Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ di ọkọ̀ mú. Ọkọ̀ onígi sábà máa ń léfòó. Ẹ má gbìyànjú láti wẹ̀ gbé e dé èbúté, ibẹ̀ ni ẹni méjì ti ń kú dípò kí ẹnì kankan má kú. Ẹ fọn fèrè, ẹ pe 767 tàbí 112 lórí fóònù tẹ́ ẹ ti dì sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹnì kan lórí ilẹ̀ sì ti mọ ibi tẹ́ ẹ wà àti aago tẹ́ ẹ ní ẹ máa dé.

Bẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀, kẹ́ ẹ tó pín ẹja, kó bọ́ aṣọ tútù, kí ẹnì kan bá a wo ìdí, gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn itan rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó pọ́n, kó má jókòó lé e mọ́. Bó bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí pípọ́n náà kò lọ, tàbí tí awọ ti bó, kí nọ́ọ̀sì rí i lọ́jọ́ náà, torí irú ojú bẹ́ẹ̀ lè jẹrà wọnú egungun láìjẹ́ pé ó dùn ún rárá.