Ilé Ilẹ̀ Onírin: Kí Ni Yóò Dì Í Mọ́lẹ̀ Nígbà Tí Ìjì Bá Dé?

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí ilé ilẹ̀ tí a fi irin ṣe egungun rẹ̀, irú èyí tí a ń lò fún ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rù káàkiri Festac, Agboju, Mile 2 àti Kirikiri. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí irú rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò. Owó tí kálukú wa ń dá lóṣooṣù ni a ó sì fi kọ́ ọ.

Ẹlòmíràn á ní, "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń wó, kí ló fẹ́ ṣe ilé ilẹ̀?" Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2016, òrùlé onírin ilé ìjọsìn kan tí wọn kò tíì kọ́ parí ní Uyo wó lu àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Òrùlé ló wó o.

Bí ẹrù ṣe ń dé ilẹ̀

Páànù gbé ẹrù rẹ̀ lé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kàn án mọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e lé irin ńlá òrùlé, irin ńlá gbé e lé òpó. Òpó dúró lórí pátákó irin tí bọ́ọ̀tù dè mọ́ kọnkéré, kọnkéré sì jókòó sórí ilẹ̀. Bí ìdè kan bá já láàárín wọn, gbogbo rẹ̀ já nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ilé onírin fúyẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ nìkan la ó máa bẹ̀rù, ohun tó ń gbé e sókè ńkọ́? Ìjì tó ń kọjá lórí òrùlé ń fà á sókè, èyí tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé sì ń tì í láti inú. Ẹni tí ìjì bá ti yí agboòrùn padà mọ́ lọ́wọ́ rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan

Ká ní ilé náà fẹ̀ ní mítà 12, ó gùn ní mítà 24, òpó sì wà ní mítà 6 síra wọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òpó àárín kan yóò máa bójú tó òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 36. Ìjì tó ń sáré kìlómítà 108 ní wákàtí kan lágbára tó kílò 56 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo agbára náà bá dojú kọ òkè, 36 lọ́nà 56 jẹ́ kílò 2,016. Bí páànù àti irin òrùlé bá wọn kílò 15 ní mítà kọ̀ọ̀kan, kílò 540 ni tiwọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku 1,476. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì 30 tó ń fa òpó kan ṣoṣo sókè!

Kọnkéré tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní jíjìn wọn tó kílò 2,400. Lójú, ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àbàtà pọ̀ ní Amuwo-Odofin. Lásìkò òjò, a kì í gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kí á tó kan omi. Ẹni tó bá ti fa korobá nínú kànga mọ̀ pé ó fúyẹ́ nígbà tó ṣì wà nínú omi. Bẹ́ẹ̀ ni kọnkéré. Bí omi bá bò ó, yóò dín ní kílò 1,000, yóò ku 1,400. 1,400 kò sì tó 1,476! Iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹnjiníà gbọ́dọ̀ fi àlékún ààbò sí i. Ìdí nìyí tí àwòrán ilé tó dára lórí òkè Ìbàdàn fi lè máà dára ní Festac.

Ìjì ń ti ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Ẹ wo géètì: wẹ́dà kì í ṣàìfi irin kan dábùú láti igun dé igun kí ó má baà wọ́. Ògiri àti òrùlé ilé onírin nílò irú irin bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń gbé irin dúró.

Ìbéèrè tí ẹ ó bi wá ní ìpàdé

1. Ṣé a ti yẹ ilẹ̀ wò, mítà mélòó sì ni omi wà sí òkè ilẹ̀ lásìkò òjò?
2. Ẹnjiníà tí COREN mọ̀ ha ti ṣírò ìjì, kọnkéré àti bọ́ọ̀tù sínú àwòrán?
3. Níbo ni irin ìdábùú wà?
4. Ẹsẹ̀ òpó ha ga ju ibi tí àgbàrá ń dé lọ, ta ni yóò sì máa kùn ún kó má dípẹtà?
5. Ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ha ti wà lọ́wọ́?

Bí ẹnìkan bá mú iye tó kéré wá, ẹ bi í ní ìbéèrè márààrún kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́