Ẹ̀jẹ̀ Dá, Ẹ̀jẹ̀ Dì

"Ẹ̀jẹ̀ mi kì í tètè dá." "Ẹ̀jẹ̀ mi ń dì." Bí ẹni méjì bá sọ èyí ní kẹ́míìsì kan ní Ìbafọ̀, àìsàn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Oògùn tó wo ti ẹnì kan sàn lè ṣe ẹnì kejì léṣe.

Ohun tó ń dà tàbí tó ń rọ̀ ló máa ń dá: òjò dá, ẹ̀jẹ̀ dá. Ohun olómi tó ki, tó sì ṣù pọ̀, ló máa ń dì: ẹ̀kọ dì, òrí dì, ẹ̀jẹ̀ dì. Lójú egbò, dídì ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá. Àmọ́ bó bá dì nínú iṣan, ó lè dínà mọ́ ọkàn tàbí ọpọlọ.

Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún wà lára àwọn tó yẹ kó ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó ló kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Nàìjíríà, lọ́dún 2000. Ẹni bẹ́ẹ̀ a máa lo oògùn bíi cyclosporine, kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ má bàa gbógun ti kíndìnrín àlejò. Ṣùgbọ́n ogun nìkan kọ́ niṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Bí ohun kan bá tọ́ irú èyí tí à ń pè ní monocyte níjà, ó máa ń gbé èròjà kan síta tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Nítorí náà, oògùn tó bá fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì lè fọwọ́ kan dídì ẹ̀jẹ̀. Nígbà mìíràn, cyclosporine fúnra rẹ̀ a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú àwọn iṣan tín-ín-rín.

Ẹ má pe irú oògùn yìí ní àjẹsára. Àjẹsára ń fún ara lágbára. Èyí ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ gùn.

"Fọ ẹ̀jẹ̀" náà ti di méjì. Lẹ́nu ìyá alágbo ní Mowé tàbí Ìfọ̀, ohun mímu ni. Nílé ìwòsàn, ẹ̀rọ ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kọṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo agbo ló bá ẹni tó ń lo cyclosporine mu, torí ewé àti èso kan wà tó ń yí ìwọ̀n oògùn náà padà nínú ara. Èso grapefruit wà lára wọn.

Kí ẹni tó ń lo cyclosporine tó gba agbo tàbí oògùn mìíràn, kó wí fún dókítà rẹ̀ pé: "Wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún mi. Oògùn tí mò ń lò nìyí." Kó sì sọ èyí tó ń ṣe é: àìdá ni, àbí dídì.