Ológbò Àgbà Nílé Ìtọ́jú Ẹranko: Ta Ni Yóò Mú Un Lọ Sílé?

Ẹ̀kọ́ wa ti ẹ̀ẹ̀kan yìí dá lórí ohun kan tí àwọn mìíràn nínú wa yóò kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín: ológbò, àní ológbò tí ó ti darúgbó. Ẹ rẹ́rìn-ín tán ná, kí ẹ tó máa kà á lọ. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń gbé ní Ìlú Ọba, tàbí tí ó ní ọmọ tí ń gbé níbẹ̀. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ sí ilé tiwọn, ilé wá pa rọ́rọ́. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ọmọ-ọmọ máa ń sọ pé, "Màmá àgbà, ẹ jẹ́ kí a bá yín wá ológbò kan." Bí a bá gbà, ọmọ ológbò kékeré tí ń fò sókè sódò ni gbogbo ènìyàn máa ń rò. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ilé àgbàlagbà, ológbò tí ó ti dàgbà ni ó bá wa mu jù.

Àwọn baba wa sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ológbò inú ilé kò ní ọmọ tí yóò fún un lọ́mú. Ènìyàn tí ó ń bọ́ ọ nìkan ni ó gbójú lé. Bí ẹni náà bá kú, tàbí tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó tí wọn kì í ti í gba ẹranko, ológbò náà di aláìnílé ní ọmọ ọdún 12 tàbí 14, láìṣẹ̀ láìrò. Ilé ìtọ́jú ẹranko ni wọn yóò gbé e lọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin kan, Mary Tealby, ni ó dá èyí tí a mọ̀ sí Battersea lónìí sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1860. Ajá ni wọ́n ń gbà nígbà náà. Ọdún 1883 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba ológbò. Ní ti ẹgbẹ́ Cats Protection, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, ológbò nìkan ni iṣẹ́ tiwọn.

Bí ẹ bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ológbò ni èrò ń dà sí. Àgbà ológbò a ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kò ní sáré wá pàdé ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn á ní ó ti gbó, ó máa tó kú, wọ́n á sì kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Flossie ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1995 ni wọ́n sì bí i. Obìnrin tí ó kọ́kọ́ tọ́ ọ kú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Arábìnrin olóògbé náà gbà á, ó tọ́ ọ fún ọdún 14, òun náà kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tún mú un fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ní ọdún 2022 ó dé ọwọ́ Cats Protection: ó ti di ẹni ọdún 26, etí rẹ̀ ti di, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Ta ni yóò gbé irú rẹ̀? Obìnrin kan ní Orpington, ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, gbé e. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni àwọn Guinness World Records kéde pé nínú gbogbo ológbò tí ó wà láàyè nígbà náà, òun ni ó dàgbà jù láyé.

Báwo ni a ṣe ń ka ọjọ́ orí ológbò? Wọ́n máa ń fi ọdún kìíní rẹ̀ wé ọdún 15 ti ènìyàn. Bí ó bá pé ọdún méjì, ó di ẹni ọdún 24. Láti ibẹ̀ lọ, ọdún kan rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ ṣe é wò: ọlọ́dún 10 jẹ́ ẹni ọdún 56, ọlọ́dún 15 sì jẹ́ ẹni ọdún 76. Nítorí náà, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní arúgbó ní ọdún 10, ẹgbẹ́ àwọn tí kò tíì fẹ̀yìn tì ni. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń lo ọdún márùn-ún sí i tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ó dára jù lára rẹ̀ ni pé ìwà rẹ̀ ti hàn. Ọmọ ológbò dà bí ọmọ kíláàsì kìíní ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí yóò dà. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè sọ fún yín bóyá àgbà yìí fẹ́ kí a gbé e lé itan, bóyá ó lè bá ọmọdé tàbí ajá gbé, bóyá ó máa ń jáde. Ẹ bi wọ́n nípa eyín rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti oògùn tí ó ń lò. Bí ẹ kò bá lè tọ́jú èyí tí ó ní àìsàn, ẹ sọ ọ́ láìtijú. Ó sàn ju kí ẹ mú un lọ sílé kí ẹ tún dá a padà.

Ní ọjọ́ tí ó bá dé, ẹ má ṣe pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Yàrá kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ fi í sí, pẹ̀lú omi, oúnjẹ, ibùsùn tí ó móoru, páálí kan tí ó lè sá pamọ́ sí, àti abọ́ tí yóò máa yàgbẹ́ sí. Kí abọ́ ìyàgbẹ́ jìnnà sí oúnjẹ; ta ni nínú wa ni yóò jẹun nítòsí ṣáláńgá? Kí etí abọ́ náà lọ sílẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tí ń dùn kì í fẹ́ gun òkè. Oúnjẹ tí ó ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí ẹ máa fún un títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ó lè wà lábẹ́ ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́ta, kò burú, bí ó bá ṣá ti ń jẹun lóru. Èyí tí kò bá fi ẹnu kan oúnjẹ rárá fún ọjọ́ kan gbáko, ẹ pe dókítà ẹranko, nítorí àìjẹun ọjọ́ mélòó kan péré lè ba ẹ̀dọ̀ ológbò jẹ́.

Ẹ má ṣe tẹjú mọ́ ọn. Bí ó bá wò yín, ẹ rọra pa ojú dé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún là á. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sussex tẹ ìwé jáde lórí èyí ní 2020: ológbò máa ń fẹ́ sún mọ́ àjèjì tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí ń tẹjú mọ́ àgbà kò ní ẹ̀kọ́. Ó jọ pé àwọn ológbò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí a ti fara balẹ̀ jù nìyí. Ológbò kì í sábà kígbe ìrora. Ohun tí ń dùn ún, yóò gbé e mì, ẹni tí kò mọ àmì yóò sì ní ọjọ́ ogbó ni. Ní 2002, àwọn dókítà ẹranko kan ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde wọn jáde lórí fọ́tò X-ray 100 ológbò tí ó ti ju ọdún 12 lọ: 90 nínú wọn ni oríkèé egungun wọn ti ń bàjẹ́. Irú ohun tí ń mú wa ní orúnkún nígbà òtútù náà ni. Èyí tí ń fò sórí àga tẹ́lẹ̀ tí ó wá ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Èyí tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ́ pọ̀ nítorí pé kò lè yí ọrùn dé ibẹ̀ láti lá a mọ́. Èyí tí ń tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ rẹ̀: ẹ má ṣe nà án. Ẹ fi àpótí kékeré ṣe àtẹ̀gùn fún un, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí oògùn ìrora tí a ṣe fún ológbò wà. Èyí tí ó ń mu omi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ṣeé ṣe kí kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀, tàbí kí ó ní àtọ̀gbẹ. Àìsàn kíndìnrín yìí kì í lọ tán, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a ṣe fún irú wọn lè mú kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ọkàn wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ológbò tí ń ké lóru, pàápàá tí ó bá dúdú, àjẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Wọ́n ti lu púpọ̀ pa nítorí èyí. (Ológbò dúdú yìí kan náà, bí ó bá kọjá níwájú àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, wọ́n á ní oríire ni.) Ìyá tí ó bá lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ ní agogo méjì òru, kò ní lè sùn mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí ó máa ń fà á. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà ní ọrùn tí à ń pè ní thyroid. Lára àwọn ológbò tí ó ti lé ní ọdún 10, ó lè wú, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ológbò náà yóò máa jẹun bí ẹni tí kò jẹun rí, síbẹ̀ yóò máa rù. Àyà rẹ̀ yóò máa sáré, kò ní lè sinmi, yóò sì máa ké. Ẹ̀jẹ̀ ríru tún lè mú un, èyí sì lè fọ́ ọ lójú lójijì. Òmíràn ti di adití, kò gbọ́ bí ohùn ara rẹ̀ ti ròkè tó. Òmíràn ni iyè rẹ̀ ti ń ra bí ti àgbà ènìyàn. Bí ó bá jí lóru, kò mọ ibi tí ó wà mọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ ti thyroid, oògùn rẹ̀ sì wà. Fún èyí tí iyè rẹ̀ ń ra, iná kékeré tí a fi sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́. Ẹranko tí ara ń ni ni a ń sọ lókò.

Ẹ má ṣe fún un ní Panadol láé; hóró kan ṣoṣo lè pa á. Òdòdó lílì tí wọ́n ń gbé wá kí aláìsàn, kí ó má wọ ilé náà rárá, nítorí ìyẹ̀fun rẹ̀ tí ó bá bà sára ológbò, tí ó sì lá a, tó láti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ọbẹ̀ wa tí ó ní àlùbọ́sà kò yẹ ẹ́. Wàrà pàápàá a máa fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọ̀pọ̀ wọn.

Ìnáwó wà níbẹ̀, kí a má tan ara wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ó yẹ kí dókítà máa yẹ ológbò àgbà wò, inṣọ́ránsì kì í sì í sábà san owó àìsàn tí ó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ilé ìtọ́jú náà lè ràn yín lọ́wọ́ lórí oògùn tí ó ti ń lò. Ẹgbẹ́ PDSA, tí Maria Dickin dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1917, máa ń tọ́jú ẹranko àwọn kan tí ń gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Òfin sì wà ní England láti oṣù kẹfà ọdún 2024 pé ológbò tí ó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 20 gbọ́dọ̀ ní microchip lábẹ́ awọ, ohun kékeré bíi hóró ìrẹsì. Ẹ rí i pé orúkọ àti àdírẹ́sì tiyín ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Owó ìtanràn lè tó 500 pọ́n-ùn.

Ẹni tí ó máa ń lọ sí Nàìjíríà fún oṣù mẹ́ta lọ́dọọdún, èmi kò gbà á nímọ̀ràn kí ó gba ológbò àgbà, àfi bí ó bá ní ẹni tí yóò máa gbé inú ilé náà. Èyí tí ó ti pàdánù ilé kan rí, kò yẹ kí a tún máa gbé e ṣí kiri.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí a kì í fẹ́ dá sílẹ̀: bí àwa ni a bá kọ́kọ́ lọ ńkọ́? Cats Protection ní ètò ọ̀fẹ́ kan tí a lè fi orúkọ sílẹ̀ sí, kí wọ́n lè wá ilé mìíràn fún un. Ẹgbẹ́ Cinnamon Trust náà ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹranko àwọn àgbàlagbà láti 1985. Ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́ pẹ̀lú. Ẹ má kàn rò pé wọn yóò gbà á, nítorí onílé wọn lè máà fẹ́ ẹranko. Ẹ kọ orúkọ ológbò náà, oúnjẹ rẹ̀, oògùn rẹ̀ àti nọ́ńbà dókítà rẹ̀ sí ìwé kan, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, níbi tí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọlé yóò ti rí i.