Ojú Ènìyàn Nínú Òkùnkùn

Bí iná mànàmáná bá kú lójijì ní Bódìjà lóru, òkùnkùn biribiri a bo gbogbo ènìyàn lójú. Ojú kò fọ́. Àkókò ni ó ń fẹ́. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹyinjú. Èkíní, tí ó pọ̀ jù ní àárín gbùngbùn, ni ènìyàn fi ń kàwé, tí ó sì fi ń mọ àwọ̀. Bí ìṣẹ́jú 10 ni ó fi ń bá òkùnkùn mọ́ra, agbára rẹ̀ a sì pin síbẹ̀. Èkejì, tí ó lé ní mílíọ̀nù 90, wà káàkiri ẹ̀gbẹ́. Kò mọ àwọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ bín-ń-tín tó o, bí ó tilẹ̀ ń gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 40. Kò sí i ní àárín gan-an: ìdí nìyí tí ìràwọ̀ kékeré fi ń pòórá bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ọn, tí ó sì ń padà yọ bí ó bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Iná ọkọ̀ kan ṣoṣo ní Ring Road tó láti ba gbogbo sùúrù yìí jẹ́. Awakọ̀ tí iná ọkọ̀ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn sí lójú lè má rí ẹni tí ó ń sọdá rárá. Kí ẹlẹ́sẹ̀ dúró ná.

Ọmọ tí ó ń kọsẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ríran, fítámì A lè má tó lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí á gbé e lọ. Ara lè rí fítámì yìí nínú epo pupa, ṣùgbọ́n epo tí wọ́n bá dáná sí títí tí pupa rẹ̀ fi ṣí ti pàdánù púpọ̀ nínú ohun tí ara fi ń ṣe é.